Nóòtì Ti Dáa, Ọ̀rọ̀ Ńkọ́?

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí a ṣe ń ṣìkẹ́ orin Yorùbá tó, ẹ má dúró lórí ohùn tí ẹ ń gbọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì nìkan. Ẹ gba ìwé tó wà lọ́wọ́ akọrin kan, kí ẹ wò ó. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹ máa rí i pé ìlà márùn-ún gún régé, orí nóòtì dúdú minimini, ìrù rẹ̀ dúró ṣánṣán. Kí ojú yín wá sọ̀kalẹ̀ síbi tí ọ̀rọ̀ wà báyìí, Yorùbá tí wọ́n fá lórí kodoro lẹ máa bá níbẹ̀: kò sí àmì ohùn kankan, ẹ ti di e, ọ ti di o, ṣ ti di s. Ẹni tó ṣe orin náà lè ti fi ọ̀pọ̀ òru ronú lórí bí ohùn ọ̀rọ̀ á ṣe bá ohùn orin rìn. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà ló wá gbá gbogbo rẹ̀ dànù.

Iṣẹ́ orin títẹ̀ ni mo ń ṣe n'Ìbàdàn. Àwọn ọ̀gá akọrin àti àwọn tó ń tẹ dùùrù máa ń kó ìwé àfọwọ́kọ wá fún mi. Òmíràn nínú rẹ̀ jẹ́ fọ́tòkópì tí wọ́n tún fọ́tòkópì, tí ìlà rẹ̀ ti ń pòórá. Èmi a sì tẹ̀ ẹ́ kó di ohun tí tírẹ́bù, áótò, ténọ̀ àti béèsì lè dì mú kọ. Ẹnu iṣẹ́ mi ni mo ti ń sọ̀rọ̀, nígbà tí mo bá ní àwáwí tí a fi ń tẹ orin Yorùbá láìfi àmì sórí rẹ̀ ti tán. Nígbà kan, ẹ̀rọ ni kò gbà fún wa. Ní báyìí, àwa la ò fẹ́. Ọ̀rọ̀ fọ́ǹtì sì ni gbogbo rẹ̀ dá lé.

Ọ̀pọ̀ akọrin ò mọ̀ pé lẹ́tà ni kílẹ́ẹ̀fù tó wà níbẹ̀rẹ̀ ìlà. Wọ́n rò pé àwòrán ni ẹnì kan yà síbẹ̀. Lẹ́tà ni nínú fọ́ǹtì, bí a àti b ṣe jẹ́ lẹ́tà nínú fọ́ǹtì tí wọ́n fi ń tẹ ìwé ìròyìn. Orí nóòtì, ṣáàpù, fláàtì, àmì ìdákẹ́, bákan náà ni gbogbo wọn. Ìlà márùn-ún, ìrù nóòtì àti àwọn ìlà mìíràn ni kọ̀ǹpútà ń fà fúnra rẹ̀. Nítorí náà, tí ẹ bá pààrọ̀ fọ́ǹtì, ìrísí gbogbo ojú ìwé náà máa yí padà, ohùn nóòtì kan ṣoṣo ò sì ní yàtọ̀.

Kí kọ̀ǹpútà tó dé, òǹtẹ̀ irin ni wọ́n ń lò. Ní Leipzig ní ilẹ̀ Jámánì, níbi tí ilé iṣẹ́ Breitkopf & Härtel ti gbilẹ̀, oníṣẹ́ ọnà á mú òǹtẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ orí nóòtì sí, á fi òòlù lù ú mọ́ awo irin rírọ̀, á sì fi irin ìfín fa ìlà tó bá kù. Òdì ló ń fín gbogbo rẹ̀ sí, láti ọwọ́ ọ̀tún lọ sí òsì, kó lè tọ́ nígbà tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé. Ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní òǹtẹ̀ tirẹ̀, ẹni tó bá mojú ìwé orin sì lè wò ó gààrà kó mọ ibi tó ti wá. Ẹwà yẹn ni àwọn tó ń ṣe fọ́ǹtì orin ṣì ń lé kiri títí dòní. Han-Wen Nienhuys àti Jan Nieuwenhuizen, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò ọ̀fẹ́ LilyPond ní 1996, ìwé orin tí wọ́n fi ọwọ́ fín ni wọ́n gbé síwájú tí wọ́n ń wò ṣe fọ́ǹtì tiwọn.

Ní 1986, Cleo Huggins ṣe fọ́ǹtì orin kan fún ilé iṣẹ́ Adobe, tí wọ́n pè ní Sonata. Àyè inú fọ́ǹtì kò tó nǹkan nígbà náà, ó sì ní láti fi àmì orin sórí àwọn bọ́tìnì tí a fi ń tẹ lẹ́tà lásán. Ó fi ọgbọ́n ṣe é: ẹ tẹ &, kílẹ́ẹ̀fù tírẹ́bù yọ; ẹ tẹ ?, ti béèsì yọ. # fún ṣáàpù, b fún fláàtì. Petrucci àti Maestro tí ètò ìtẹ orin Finale lò gba ojú ọ̀nà yẹn lọ, ètò Sibelius náà sì ní Opus tirẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá ti kọjá àwọn àmì tí gbogbo ayé mọ̀, kálukú ló ń fi tirẹ̀ síbi tó wù ú. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi lè ṣí fáìlì àtijọ́ lórí kọ̀ǹpútà tí kò ní fọ́ǹtì rẹ̀, kí ẹ bá & níbi tó yẹ kí kílẹ́ẹ̀fù wà, kí œ sì tò lọ bí ẹyin adìyẹ níbi tó yẹ kí nóòtì wà. Ẹni tó bá ti ń tẹ orin fún ìgbà díẹ̀ ti rí ẹyin wọ̀nyẹn rí.

Ẹni tó wá tún un ṣe ni Daniel Spreadbury. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lórí Sibelius ní London. Nígbà tí wọ́n ti ọ́fíìsì wọn ní 2012, ilé iṣẹ́ Steinberg gbà wọ́n síṣẹ́, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun tó jáde ní 2016 pẹ̀lú orúkọ Dorico. Ní 2013, kí Dorico tó jáde rárá, Spreadbury gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní SMuFL. Ohun tí ìlànà náà sọ ò le: kí gbogbo fọ́ǹtì orin fi àmì kan náà sí ojú kan náà. Kílẹ́ẹ̀fù tírẹ́bù wà ní E050, orí nóòtì dúdú ní E0A4, fláàtì ní E260, ṣáàpù ní E262, nínú fọ́ǹtì yòówù tó bá gba ìlànà náà. Àmì tó wà nínú rẹ̀ lé ní 2,000. Àwòrán kóńgà àti bóńgò pàápàá ní ojú tiwọn níbẹ̀, àmì ọwọ́ tí àwọn olùkọ́ sọ́ọ̀fà ń lò náà sì wà níbẹ̀. Láti 2015, ẹgbẹ́ kan lábẹ́ W3C, àjọ tó ń ṣètò ìlànà íntánẹ́ẹ̀tì, ló ń bójú tó o, kò sì sí nínú àpò ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo mọ́.

Spreadbury ṣe fọ́ǹtì kan tó tẹ̀lé ìlànà náà, Bravura, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ ìwé àṣẹ tí wọ́n ń pè ní SIL Open Font License. Ohun tí àṣẹ yẹn gbà ni pé ẹ lè lò ó, ẹ lè fi tẹ ìwé tí ẹ máa tà, ẹ lè fún ẹlòmíràn, ẹ tiẹ̀ lè tún un ṣe tí ẹ bá ti yí orúkọ rẹ̀ padà. Ohun tí kò gbà ni kí ẹ máa ta fọ́ǹtì náà nìkan. Mo ń tẹnu mọ́ èyí nítorí àwọn tó ń kó fọ́ǹtì ọ̀fẹ́ sínú fláàṣì, tí wọ́n ń tà á fún àwọn ọ̀gá akọrin pẹ̀lú ètò tí wọ́n já títì rẹ̀. Owó tí ẹ fún wọn ti ṣòfò. Ẹ lè rí ètò ìtẹ orin MuseScore gbà lọ́fẹ̀ẹ́, tọ̀nà tọ̀nà, pẹ̀lú Bravura nínú rẹ̀, pẹ̀lú Leland, Petaluma àti àwọn mìíràn.

Èwo ló wá dáa jù nínú wọn? Tèmi ni mo máa sọ. Ẹlòmíràn lè sọ tirẹ̀. Leland ni MuseScore ń gbé jáde fúnra rẹ̀ láti ìgbà tí ẹ̀dà 3.6 ti jáde ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2021. Martin Keary àti Simon Smith ló ṣe é, wọ́n sì fi orúkọ Leland Smith pè é, ẹni tó dá ètò SCORE sílẹ̀ ní Yunifásítì Stanford. Ó rẹwà, ara rẹ̀ balẹ̀, n kò sì bá ẹnikẹ́ni jà tó bá lò ó. Ṣùgbọ́n fún ìsìn alẹ́, Bravura ni mo máa ń mú. Ó nípọn. Wọ́n wo àwọn ìwé orin tí wọ́n fín ní Yúróòpù láyé àtijọ́ kí wọ́n tó ṣe é, ó sì hàn lára rẹ̀. Ẹ rántí bí ìwé orin ṣe ń rìn láàárín wa: wọ́n tẹ ọ̀kan jáde, wọ́n fọ́tòkópì rẹ̀, wọ́n fọ́tòkópì ti fọ́tòkópì, iná tún lọ lálẹ́ ọjọ́ ìdánrawò, akọrin fi tọ́ọ̀ṣì fóònù lé e. Fọ́ǹtì tó bá tín-ínrín kì í dé ìparí ìrìn-àjò yẹn. Kódà pẹ̀lú Bravura, tí ìlà márùn-ún láti òkè dé ìsàlẹ̀ bá ti kéré sí mílímítà mẹ́fà, àwọn ténọ̀ tó ti lé lẹ́ni àádọ́ta ọdún máa bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, wọ́n sì jàre.

Petaluma àti MuseJazz tó jọ ọ́ ni mo ní ẹjọ́ pẹ̀lú wọn, tàbí pẹ̀lú àwọn tó ń ṣì wọ́n lò. Wọ́n ṣe Petaluma kó jọ ọwọ́ tí wọ́n fi kọ ìwé àwọn oníjáàsì Amẹ́ríkà. Ó dára gan-an fún ẹni tó ń ta gìtá tàbí tó ń fun sáàsì nínú ẹgbẹ́ olórin ìyìn. Kí ẹ wá fi tẹ orin Ayọ̀ Bánkọ́lé tàbí ti Fẹlá Ṣówándé fún akọrin tó wọ aṣọ funfun? Èèwọ̀.

Bí ẹ ṣe máa pààrọ̀ rẹ̀ ò gba àkókò. Nínú MuseScore, ẹ ṣí Format, ẹ mú Style, ẹ wá Score. Ibẹ̀ ni orúkọ àwọn fọ́ǹtì àmì orin wà. Àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń béèrè bóyá kí ètò náà gba ìwọ̀n ìlà tí fọ́ǹtì náà dábàá. Ẹ fi àmì sí i. Ẹni tó ṣe fọ́ǹtì ti wọn bí ìlà rẹ̀ ṣe gbọ́dọ̀ nípọn tó kó lè bá orí nóòtì mu, ibi tí ìrù ti gbọ́dọ̀ so mọ́ orí, bí ọ̀pá tó so nóòtì pọ̀ ṣe gbọ́dọ̀ wúwo tó. Inú fáìlì kejì ló kọ ọ́ sí, èyí tí orúkọ rẹ̀ ń parí sí .json. Tí ẹ bá gba fọ́ǹtì SMuFL kan láti ibòmíràn tí fáìlì yìí ò bá a wá, ààbọ̀ lẹ gbà. Lórí Windows, inú Program Files, Common Files, SMuFL, Fonts ni fáìlì yẹn ń gbé, nínú àpò tó ń jẹ́ orúkọ fọ́ǹtì náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pè mí pé fọ́ǹtì tí wọ́n gbà ò ṣiṣẹ́, ohun tí wọ́n gbàgbé nìyí.

Ó tó báyìí nípa nóòtì. Fọ́ǹtì méjì ló wà lójú ìwé orin, ọ̀kan fún àmì orin, ìkejì fún ọ̀rọ̀, ìkejì yìí sì ni àwa tí à ń tẹ orin kì í kà sí. Mo ti rí ọ̀gá akọrin tó lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko lórí kílẹ́ẹ̀fù tó wù ú, tó wá fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bó ṣe bá a.

Ẹ jẹ́ ká wo bí Unicode, ìlànà tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní ojú tirẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà, ṣe tò lẹ́tà wa. Ẹ, ọ àti ṣ ní ojú tiwọn. Á, à, é àti è náà ní tiwọn, ń àti ǹ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹ tó bá gbé àmì ohùn sórí kò ní ojú kankan tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ọ náà ò ní, m tó ní àmì ìsàlẹ̀ lórí ò sì ní. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ gbé ẹ kalẹ̀, á wá lọ mú àmì kan tó dá dúró, á fi lé e lórí. Fọ́ǹtì ló gbọ́dọ̀ sọ fún un ibi tí àmì náà á jókòó sí. Èyí tí wọn ò kọ́ á ju àmì náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á lẹ̀ ẹ́ mọ́ lẹ́tà tó tẹ̀lé e, tàbí kó gbé e sókè títí á fi kan nóòtì tó wà nísàlẹ̀ ìlà. Èyí tó burú jù ni kí lẹ́tà náà má sí nínú fọ́ǹtì náà rárá. Kọ̀ǹpútà á wá yá a lára fọ́ǹtì mìíràn láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ẹ kan máa rí i ni pé gbogbo ẹ àti ọ inú orin náà sanra ju àwọn ará ilé wọn lọ.

Ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn nìyẹn, tí wọ́n fi ń sọ pé kọ̀ǹpútà ò gbọ́ Yorùbá. Kí Unicode tó wọ́pọ̀, òótọ́ ni. Àwọn kan ṣe fọ́ǹtì Yorùbá láyé ìgbà náà tí wọ́n fi lẹ́tà wa rọ́pò àwọn àmì tí a kì í sábà lò, irú ọgbọ́n kan náà tí wọ́n dá fún Sonata. Ó dára lójú títí ẹ ó fi gbé fáìlì náà lọ sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Mo ṣì ń gba irú fáìlì bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ìjọ tó fẹ́ tún ìwé orin wọn tẹ̀, àmì ìbéèrè àti àmì owó ló kún inú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run. Irú iṣẹ́ yẹn, mo máa ń tún un tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n àwọn fọ́ǹtì tó mọ ibi tí àmì ń jókòó sí ti wà láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀fẹ́ sì ni wọ́n. Àjọ SIL, tó ṣe ìwé àṣẹ tí Bravura ń lò, ló ṣe Charis, Doulos àti Gentium. Google ní Noto Serif. Charis ni mo ń lò jù fún orin, torí ẹsẹ̀ lẹ́tà rẹ̀ lágbára, fọ́tòkópì ò lè tètè jẹ ẹ́. Gentium lẹ́wà jù ú lọ nínú ìwé tí wọ́n máa tẹ̀ dáadáa, ó sì ń fi àyè sílẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ lábẹ́ nóòtì kéékèèké. Kí n tó gba fọ́ǹtì kankan wọlé, ìlà kan ni mo máa ń tẹ̀ tó ní gbogbo wàhálà wọn nínú: ẹ̀ ẹ́ ọ̀ ọ́ ṣ m̀ ń ǹ, kí n tún tẹ lẹ́tà ńlá wọn tẹ̀lé e, Ẹ̀ Ẹ́ Ọ̀ Ọ́ Ṣ. Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ jáde sórí ìwé, torí ojú kọ̀ǹpútà máa ń tan èèyàn. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń fa ọ̀rọ̀ jìnnà díẹ̀ sí ìlà márùn-ún ju bí ètò náà ṣe fi í sílẹ̀ lọ. Ó jọ pé àwọn tó ṣètò rẹ̀ ń ro èdè Gẹ̀ẹ́sì ni, èdè tí kì í gbé nǹkan kan sórí.

Àwọn kan á ní akọrin tó gbọ́ Yorùbá ò nílò àmì. Wọ́n máa ń sọ ọ́ tìgboyà-tìgboyà. Ẹ ronú sí i dáadáa: nígbà tí à ń ka ìwé lásán, gbólóhùn ló ń tọ́ wa sọ́nà, ọ̀rọ̀ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e. Nínú ìwé orin, wọ́n ti gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, ègé kan lábẹ́ nóòtì kan, ìlà kékeré láàárín wọn. Áótò lè dá dúró fún báà mẹ́rin kó tó wọlé láàárín ọ̀rọ̀. Kí ló máa tọ́ ọ sọ́nà níbẹ̀? T. K. E. Phillips, tó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Church of Christ ní Marina, l'Ékòó, láti 1914 di 1962, kọ odindi ìwé lórí orin Yorùbá ní 1953, ohùn ọ̀rọ̀ àti ohùn orin ló sì fi ṣe òpó rẹ̀. Àwọn tó tẹ̀lé e, Bánkọ́lé àti Akin Euba nínú wọn, mọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tí wọ́n bá jẹ́ kí orin gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti gòkè, àti nígbà tí wọ́n bá mọ̀ọ́mọ̀ yà kúrò. Akọrin tí kò bá rí àmì lórí ìwé ò ní mọ ibi tí olórin ti yà. Ti àwọn orin ìsìn tí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá sórí ohùn òyìnbó tún le jù, torí ibẹ̀ ni orin àti ọ̀rọ̀ ti ń jà jù, ibẹ̀ sì ni akọrin ti nílò ohun tó máa fi ojú rí.

Àwọn ọmọ wa tó ń bẹ ní London àti Houston tún wà níbẹ̀. Nínú àwọn ìjọ Yorùbá tó wà lọ́hùn-ún, ọ̀dọ́ kan lè ka nóòtì ju ọ̀gá akọrin tó wà nílé lọ, kó má sì lè sọ gbólóhùn mẹ́ta ní Yorùbá. Orin lè jẹ́ Yorùbá kan ṣoṣo tó ń kà lọ́sẹ̀. Tí a bá fún un ní ìwé tí kò lámì, ohun tí Gẹ̀ẹ́sì bá ní kó pe lẹ́tà wọ̀nyẹn ló máa pè é, màmá rẹ̀ á wá jókòó sẹ́yìn, á máa yíjú.

Ẹlòmíràn á ní, "Sọ́ọ̀fà ni àwọn akọrin tèmi ń kà, fọ́ǹtì orin ò kàn wọ́n." Mo bọ̀wọ̀ fún sọ́ọ̀fà. Ọ̀nà tí John Curwen tan kálẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún ló sọ ọ̀pọ̀ ìjọ wa di akọrin, ó sì ṣì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n lẹ́tà pátápátá ni sọ́ọ̀fà, d, r, m, àmì ìdánudúró, ìlà kékeré fún ohùn tó gùn, àmì sókè tàbí sísàlẹ̀ fún ohùn tó ga tàbí tó rẹlẹ̀. Ohun tí akọrin fi ń mọ ìlù rẹ̀ ni bí àwọn àmì yẹn ṣe tò lábẹ́ ara wọn láti tírẹ́bù dé béèsì. Nínú fọ́ǹtì tí m ti fẹ̀ tí l sì tín-ínrín, tí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ ń fi bọ́tìnì àyè sún un kiri, ìlù béèsì á ti kúrò lábẹ́ ti tírẹ́bù kí ìlà tó parí. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń tẹ nóòtì sínú MuseScore bó ṣe yẹ, kí n wá kọ sọ́ọ̀fà sí ìlà ọ̀rọ̀ kejì. Nóòtì ló máa di ègé kọ̀ọ̀kan mú sójú àyè rẹ̀, akọrin tó ń ka sọ́ọ̀fà àti ẹni tó ń ka nóòtì á sì lè lo ìwé kan náà.

Kí fáìlì tó kúrò lọ́wọ́ yín, ohun méjì ló kù. Àkọ́kọ́ jẹ mọ́ Ṣómólú l'Ékòó. Tí ẹ bá ń gbé ìwé orin lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé níbẹ̀ tàbí níbikíbi, PDF ni kí ẹ gbé lọ, kí ẹ sì rí i dájú pé fọ́ǹtì wà nínú PDF náà. Kí ẹ ṣí i, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ nípa fáìlì náà sí, orúkọ gbogbo fọ́ǹtì tó wà nínú rẹ̀ á hàn níbẹ̀. Ìjọ kan tí mo mọ̀ tẹ ìwé ayẹyẹ ọdún wọn láìwo ibẹ̀. Kọ̀ǹpútà ilé ìtẹ̀wé ò ní fọ́ǹtì náà, ó fi àpótí òfìfo rọ́pò gbogbo ẹ tó ní àmì, wọ́n sì ti di ìwé náà ní páálí kí ẹnikẹ́ni tó ṣí ọ̀kan. Lọ́jọ́ ayẹyẹ, wọ́n fi ọwọ́ borí àpótí, wọ́n kọrin ní àkọ́sórí.

Ìkejì ni Finale. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2024, ilé iṣẹ́ MakeMusic tó ni ín kéde pé àwọn ò ní ṣe Finale síwájú sí i mọ́, lẹ́yìn ọdún 35. Ọ̀pọ̀ orin akọrin ilẹ̀ yìí ló wà nínú fáìlì Finale, pàápàá lọ́wọ́ àwọn àgbà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ṣáájú wa. Ẹ má dúró dìgbà tí kọ̀ǹpútà tó ń ṣí i bá kú. Ẹ gbé e jáde ní MusicXML, èyí tí Dorico, Sibelius àti MuseScore ń gbà, kí ẹ tún fi PDF tì í. Ẹ má retí pé àwòrán rẹ̀ á rí bákan náà níbòmíràn. Nóòtì àti ọ̀rọ̀ ni ẹ ń gbà là, fọ́ǹtì tuntun lẹ ó fi wọ̀ ọ́ láṣọ.

Ọ̀rọ̀ tó kù yìí kan àwọn ìgbìmọ̀ tó ń ṣe ìwé orin ayẹyẹ fún ìjọ àti dáyósíìsì. Mo rí i bí ẹ ṣe ń pín owó: bébà dídán, èèpo ẹ̀yìn aláwọ̀ mẹ́rin, fọ́tò bíṣọ́ọ̀bù lójú ìwé àkọ́kọ́. Owó ẹni tó máa tẹ orin ló máa ń kẹ́yìn, owó ẹni tó máa ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò kó tó lọ sí ilé ìtẹ̀wé kì í sì í sí rárá. Ẹ wá olùkọ́ Yorùbá kan nínú ìjọ yín, kì í wọ́n, kí ẹ fún un ní bíírò pupa àti ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ sì fún un lówó.

Èmi náà máa ń kọ iye tí mo gbà lórí àmì ohùn sí ìlà tirẹ̀ nínú ìwé owó. Ọ̀gá akọrin kan, àgbàlagbà tí mo fẹ́ràn, fi ìka lé e lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Ẹ yọ ti èyí kúrò, kí owó lè wálẹ̀ díẹ̀. Àwọn akọrin mi mọ ohun tí wọ́n ń kọ."

Mo ní, "Bàbá, ṣé kí n bá yín yọ àwọn ṣáàpù náà kúrò?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó lu mí léjìká, kò sì san án. Mo ti pa ìlà yẹn rẹ́ nínú ìwé owó mi báyìí. Iye kan ṣoṣo ni mo ń dá, àmì ti wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ orin Yorùbá tí kò lámì, àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀ ò wọ́n nígboro, owó wọn sì kéré sí tèmi.